ÌBORÙN ÌYÁ WA ÀTI ÌBORÍ ỌMỌ WA

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ aṣọ kéré fún àgbà láti dá sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2022, ní Ìjàgbó, ìlú Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, ọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí fi ńborí lọ sí ilé-ìwé di ìjà láàrin ìlú. Ẹnìkan kú níbẹ̀, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Aṣọ tí kò ju ọ̀pá kan lọ ni ó dá irú ikú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n sì ńná ọjà kan náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Èmi tí mo ńkọ èyí jẹ́ àlùfáà nínú ìjọ Kristi, mo sì jẹ́ olùkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ní Yábà. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú mi ni yóò gba ẹjọ́ ìborí rò. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ wa lọ́la ní Súrùlérè, ní Múṣín, ní Ìsọlọ̀ àti ní Ìtìrẹ́. Ohun tí a bá sì kọ́ wọn láti kà sí ẹ̀ṣẹ̀ lára ọmọdé ni wọn yóò na ọmọdé sí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin dúró. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin láti fi ìborí kún aṣọ ilé-ìwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè níhìn-ín, pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Èkó dá ìjọba láre. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Àbújá. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje fi ẹnu kò pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà ni láti borí. Adájọ́ méjì kò gbà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 38, ti fún olúkúlùkù ní òmìnira ìsìn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà ìdájọ́ èkíní ti jáde kúrò níbẹ̀ pátápátá kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé.

Òfin ti sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò lè wọ inú kíláàsì, kò sì lè wọ inú ọkàn. Olùkọ́ tí ó mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ já aṣọ kúrò lórí ọmọ mọ́ ṣì lè fi ojú já a. Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀yin ìjòyè ni, àti ti àwa olùkọ́, àti ti gbogbo ẹni tí ó ńsọ pé òun fẹ́ràn ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀sùn tí mo ńgbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ràn àṣà wa ni pé aṣọ Lárúbáwá ni ìborí, pé kì í ṣe tiwa. Lóòótọ́, orúkọ náà, híjáàbù, ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá. Lóòótọ́ pẹ̀lú, aṣọ dúdú tí ó bo obìnrin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí àwọn ìyá-ńlá wa hun. Ṣùgbọ́n ìṣe kí obìnrin da aṣọ lé orí àti èjìká kí ó tó jáde sí àwùjọ, ǹjẹ́ Lárúbáwá ni ó kọ́ àwọn ìyá wa bí?

Ẹ bi èdè wa léèrè, yóò dá yín lóhùn. A ní gèlé, a ní ìborùn, a ní ìpèlé, a ní ìbora. Ènìyàn kì í sọ orúkọ mẹ́rin fún ohun tí kò ní. Ìró àti bùbá nìkan kò tó fún àgbàlagbà obìnrin tí ó ńlọ sí òde. Bí kò bá gbé ìborùn lé èjìká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í pé kí ni ó gbàgbé sílé. Ìborùn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí oòrùn bá mú, a gbé e lé orí. Bí òtútù bá mú, a fi bo àyà. Bí ọmọ bá sùn, a fi bò ó. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, a fi nu omijé. Bí ìlù bá sì dún, a so ó mọ́ ìdí a fi jó. Ìyàwó tí a ńsìn lọ sí ilé ọkọ, aṣọ ni a ńdà bò ó lórí. Ìdílé tí ó ní ọlá a máa hun ìborùn ní ṣányán, ní àlàárì tàbí ní ẹtù, a sì máa jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ohun tí gbogbo èyí ńwí ni pé ara obìnrin ní ọ̀wọ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ ìgbà tí yóò bò ó àti ìgbà tí yóò ṣí i.

Nígbà tí ìsìn Ìmàle wá dé, àwọn obìnrin tí ó gbà á kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìborí láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí ó wà ní èjìká ni wọ́n gbé sókè díẹ̀. Ìsìn yìí sì ti pẹ́ láàrin wa. Ó ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn oníwàásù wa tó gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1842. Mọ́sálásí Shitta Bey ti dúró ní Èkó láti 1894. Ní 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, tí ó kọ́ ilé-ìwé káàkiri ilẹ̀ wa. Èdè wa ti gba ẹlẹ́hàá wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé ní Múṣín kò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wá láti ibìkan. Ẹni tí ó bá ti bá wa gbé tó bẹ́ẹ̀, a kò lè máa pè é ní àlejò.

Bí ó bá sì jẹ́ ti àlejò ni, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó hun bẹ́rẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọbìnrin ńdé lọ sí ilé-ìwé? Ta ni ó gé pínnáfò? Ìlú Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀ ti wá, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn jà. Irun ẹṣin tí àwọn agbẹjọ́rò wa ńdé nínú ooru yìí, òyìnbó ni ó fi í lé wa lórí. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ní Àbújá, a kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tí ó ti yege nínú ẹ̀kọ́ òfin wọlé síbi tí a ti ńgba àwọn agbẹjọ́rò tuntun, nítorí pé ó fi ìborí sí abẹ́ irun náà. Oṣù keje ọdún 2018 ni a tó gbà á, pẹ̀lú ìborí rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa tí ó ńjà fún ohun ìní wa kò gbọdọ̀ gba irun ẹṣin láyè kí ó sì lé aṣọ dànù.

Àwọn ará ìjọ mi ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àlùfáà yìí ti ńsọ̀rọ̀ bí lèmọ́ọ̀mù. Ẹ ṣí Bíbélì yín. Nígbà tí Rèbékà rí Ísáákì lókèèrè, aṣọ ìbojú rẹ̀ ni ó mú, tí ó fi bo ara rẹ̀. Inú aṣọ ìborùn Rúùtù ni Bóásì wọn òṣùwọ̀n ọkà bálì mẹ́fà sí, kí opó náà má ba à padà lọ́wọ́ òfo sí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù mímọ́ kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa orí obìnrin nígbà tí ó bá ńgbàdúrà, ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni kò sì jẹ́ kí obìnrin wọlé láìborí títí di òní. Ẹ wo àwọn Sísítà Àgùdà. Ẹ wo àwọn ìyá wa nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù àti ti Sẹ̀lẹ́sítíà. Bí ìborí bá jẹ́ ìwà mímọ́ lórí Sísítà, báwo ni yóò ṣe di ẹ̀gàn lórí ọmọ ọdún 12 tí ó ńjẹ́ Mọ́ríámù?

Àlùfáà Mojọlá Agbébì, Onítẹ̀bọmi, tí ó jẹ́ David Vincent tẹ́lẹ̀, sọ orúkọ òyìnbó náà nù ní 1894, ó sì ńwọ aṣọ ilẹ̀ wa títí dé Ìlú Òyìnbó. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run kì í wo aṣọ òyìnbó kí ó tó gba ọkàn ènìyàn. Àwa tí a ńyin irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò lè yí padà kí a wí fún ọmọ Mùsùlùmí pé kò lè gba ìwé mọ́ aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní gbèsè àtijọ́ nínú tí àwa Kristẹni mọ̀, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Nígbà kan, ilé-ìwé wa ni ilé-ìwé kan ṣoṣo tí ó wà ní ìlú púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó sì ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ tí bàbá wọn kò sọ wọ́n. Ní Ìbàdàn, Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ, mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni kan, wọn kò sì gbà á nítorí ìsìn rẹ̀. Obìnrin náà kò jà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, ní 1964 wọ́n sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíramà fún àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní bèèrè ìdí tí àwọn Mùsùlùmí fi di aṣọ yìí mú ṣinṣin. Bí a bá ti gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn rí, kò ní jẹ́ kí a gba aṣọ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí kò fẹ́ ìborí ní ilé-ìwé pẹ̀lú, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní aṣọ ilé-ìwé ni ó ńsọ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà di ọ̀kan. Òtítọ́ ni, èmi náà sì ńkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìborí tí ó bá àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé mu, tí kò gùn ju àyà lọ, kò fi ọrọ̀ bàbá ẹnikẹ́ni hàn. Wọ́n tún ní bí a bá gba ti Mùsùlùmí, gbogbo ìsìn ni yóò mú tirẹ̀ wá. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìwó ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ọ̀ṣun dá àwọn Mùsùlùmí láre, tí àwọn ọmọ Kristẹni sì wọ aṣọ akọrin àti sùtánà lọ sí ilé-ìwé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Aṣọ tí a yà sọ́tọ̀ fún ìyìn Ọlọ́run ni àgbà kọ́ ọmọdé láti fi ṣe kùmọ̀. Ọmọ akọrin kò ní ohun kan nínú ìsìn rẹ̀ tí ó ní kí ó wọ aṣọ akọrin lọ kọ́ ìṣirò. Ọmọ Mùsùlùmí gbà pé ìsìn òun ní kí òun borí ní gbogbo òde. Ìyàtọ̀ náà hàn sí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i.

Ẹ̀rù bọ́ǹbù ni ẹ̀sùn tí ó kù. Láti 2014 ni àwọn Boko Haram ti fi ohun ìjà pamọ́ sí abẹ́ aṣọ àwọn ọmọbìnrin ní Òkè Ọya, ní 2015 sì ni ìjọba Chad fi òfin de aṣọ tí ó bo ojú. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n olè ti fi àdá pamọ́ sí abẹ́ agbádá rí, a kò sì fi òfin de agbádá. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni a yẹ̀ wò. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, ní gbọ̀ngàn ìdánwò tàbí ní báǹkì, kí obìnrin wo obìnrin ní kọ̀rọ̀, kí ó sì parí síbẹ̀.

Nísinsìnyí mo yíjú sí àwọn ará mi Mùsùlùmí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ní Íráànì, ní 1936, ọba Reza Shah pàṣẹ pé kí obìnrin ṣí orí; àwọn ọlọ́pàá sì ńjá aṣọ gbà lójú pópó. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní 1979, àwọn tí ó gba ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo obìnrin borí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 22 kan, Mahsa Amini, kú lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti mú un nítorí ọ̀nà tí ó gbà borí. Faransé ní tirẹ̀ fi òfin lé ìborí kúrò ní ilé-ìwé ìjọba ní 2004. Ní Íńdíà, níbi tí àwọn obìnrin Híńdù pẹ̀lú ti máa ńfa etí sárì bo orí níwájú àgbà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Karnataka fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé kí ilé-ìwé kọ ìborí. Nígbà tí ó dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ méjèèjì kò bára mu. Ọwọ́ tí ó ńjá aṣọ gbà àti ọwọ́ tí ó ńfi tipátipá wọ̀ ọ́, ọwọ́ kan náà ni wọ́n; orí obìnrin kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ààfáà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ pé ọmọ tí kò borí ni a ńlé kúrò nínú ẹgbẹ́, tàbí pé ìyá tí ó wé gèlé tí ó sì gbé ìborùn lé èjìká ni a ńpè ní Mùsùlùmí ààbọ̀. Gèlé náà borí. Ẹ mọ ibi tí Kùránì ti sọ̀rọ̀ lórí ìfipámúni nínú ìsìn jù mí lọ. Ẹ kà á sí etí àwọn ọ̀dọ́ yín.

Ohun kan ṣì kù tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Bí a bá ti gbà kí ọmọ wa borí, ta ni ó ńhun aṣọ tí ó fi ńborí? Ẹ wọ ọjà Tẹ́júòṣó ní Yábà, ẹ wọ Ojúwòyè ní Múṣín, kí ẹ bi àwọn tí ńta ìborí léèrè; òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní Ìsọlọ̀, ọjà Aswani tí a ńná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gba orúkọ rẹ̀ lára ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó wà níbẹ̀ rí; ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́, orúkọ nìkan ni ó kù fún ọjà. Síbẹ̀ àwọn ahunṣọ ṣì wà ní Ìṣẹ́yìn, àwọn aláàdìrẹ ṣì wà ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo. Àdìrẹ fúyẹ́, kì í mú ooru, ó sì bo orí dáadáa. Èmi kò rí ìdí tí ìyá Mùsùlùmí kò fi lè fi àdìrẹ Abẹ́òkúta borí lọ kí Yídì. Ẹni tí ó bá ńbínú pé aṣọ àjèjì bo ọmọ wa, kí ó ra aṣọ ilé fún un. Ìyẹn ni ìjà tí ó lérè.

Mo dá àbá mẹ́ta fún ẹ̀yin àgbà. Èkíní, kí àwọn ìjòyè àdúgbò pe ọ̀gá ilé-ìwé, lèmọ́ọ̀mù àti àlùfáà jọ kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí àwọ̀ àti gígùn ìborí, kí ọmọdé má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gbé ìjà àgbà lọ sí kíláàsì. Èkejì, kí aránṣọ àdúgbò máa rán an, kí owó rẹ̀ má ṣe wọ́n ju ti bẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé olùkọ́ tí ó bá fi ọwọ́ kan aṣọ orí ọmọ láìgba àṣẹ ọmọ àti òbí rẹ̀ ti tàbùkù iṣẹ́ wa, ìbáà jẹ́ láti bọ́ ọ, ìbáà jẹ́ láti wọ̀ ọ́.

Àwọn bàbá wa wí pé ènìyàn ni aṣọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí ó ńkọjá ní Ojúẹlẹ́gba pẹ̀lú ìborí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú aṣọ tí ó bo ìhòòhò ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Kristẹni tí ó ńbá a rìn jẹ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá fa èyíkéyìí nínú wọn ya, òtútù yóò mú òun náà. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rí Ìjàgbó mìíràn. Àṣẹ.